Camry Muscle oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin: bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń mu epo

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní Camry Muscle ni mò ń wà, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀lé e: "ṣé kì í mu epo ṣá?" Kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá ó ń rìn dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá àwọn ọmọ ń ráyè jókòó lẹ́yìn, epo ṣáá ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi o, bí owó epo ṣe dà nílẹ̀ yìí, kéèyàn tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ń jẹun. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n yéé máa sọ ọ́ káàkiri bíi rédíò, kẹ́ni tó bá tún bi mí kàn lọ kà á.

Tèmi jẹ́ Toyota Camry 2008, LE (LE, SE àti XLE ni Toyota fi ń ya irú Camry sọ́tọ̀ síra), ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Mo tẹnu mọ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin yẹn o, torí Muscle ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí Toyota gbé jáde lọ́dún 2006 tí wọ́n pè ní mọ́dẹ̀lì 2007, títí dé 2009, 2.4 ló wà nínú ẹ̀, horsepower (agbára ẹ́ńjìnnì) 158, jíà ọtọmátíìkì márùn-ún. Láàárín ọdún yẹn kan náà wọ́n tún ṣe V6, ìyẹn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, tó jẹ́ 3.5, ìyẹn ní horsepower 268, jíà mẹ́fà. Ìgbà tó wá di 2010 wọ́n yọ 2.4 kúrò, wọ́n gbé 2.5 síbẹ̀, horsepower 169, jíà mẹ́fà, wọ́n sì tún ojú ẹ̀ ṣe díẹ̀. Lójú títì, ara kan náà ni gbogbo wọn, Muscle ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, bí ìtàn epo wọn ṣe dàrú mọ́ra wọn nìyẹn, ẹni tó ń wa V6 á pariwo pé Muscle fẹ́ jẹ òun run, ẹni tó fẹ́ ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin á gbọ́, á sá, á lọ ra nǹkan míì tó tún ń mu epo ju ti 2.4 lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìrìn ẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ràn eré àti kọ́nà ò ní gbádùn mọ́tò yìí, kí n má tàn yín. Sitíárì ẹ̀ fúyẹ́, ọwọ́ kan lo máa fi yí i tó o bá ń wá ibi páàkì ní Dùgbẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ tó o bá wà lórí eré, o ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí táyà iwájú ń bá yí nílẹ̀. Ibi tí mo ti rí i dáadáa ni ọ̀nà Iléṣà sí Ẹfọ̀n Aláayè, ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ lọ sÉkìtì rí mọ ohun tí mò ń sọ, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, tírélà ń fà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú. Muscle máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá wọ kọ́nà, àwọn tó wà lẹ́yìn á rọ́ lu ara wọn, màmá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Kò yọ̀ o, kò já mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ó kàn máa ń rán ẹ létí pé mọ́tò ẹlẹ́bí lo jókòó sí. Tó bá wá tún di òkè gígùn, tí èèyàn kún un, tí AC ń ṣiṣẹ́, jíà á wá máa rò ó: o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dá ẹ lóhùn, ó wá já jíà kan sílẹ̀, ó tún rò ó, ó já èkejì, ẹ́ńjìnnì á wá ké. Ìjáfara jíà yìí kì í ṣe tèmi nìkan, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ní tuntun ní Amẹ́ríkà náà ráhùn lórí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi 2.4 yọ tírélà sílẹ̀ lórí ọ̀nà olójú kan, kó rí i pé iwájú ṣófo gan-an kó tó bọ́ síta.

Àmọ́ ẹ gbé e sórí márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Ibẹ̀ ni mọ́tò yìí ti ń gba owó ẹ̀ padà. Láti tóògéètì Ìbàdàn, ẹ gba Ògèrè, ẹ kọjá Ṣágámù, ẹ kọjá Rìdẹ́m̀ṣọ̀n, lórí 100 tí àwọn Road Safety fún mọ́tò kékeré láyè, ẹ́ńjìnnì ò ní yí ju ẹ̀ẹ̀mejì ẹgbẹ̀rún àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan (RPM 2,000 àti díẹ̀), inú á dákẹ́, ẹ ó lè máa bára yín sọ̀rọ̀ láì pariwo. Ara àga ẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀gbọ̀kú pálọ̀, èèyàn gíga ni mí, ẹsẹ̀ mi gùn, ẹ̀yìn sì máa ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, àmọ́ mo lè jókòó sínú gósílóò Ìbafò sí Bẹ́gà kí n bọ́ sílẹ̀ láì dì mọ́ ìbàdí. Kòtò tí ò bá jìn jù, ṣọ́ọ̀kì á gbé e mì, o ò tiẹ̀ ní mọ̀. Kìkì ìgbà tí èèyàn márùn-ún bá wọlé tí bùútù tún kún ni abẹ́ ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, bọ́m̀pù àwọn ẹ̀sítéètì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha á lábẹ́, ẹ rọra gùn ún.

Ẹ̀yìn ẹ̀ nìyàwó mi fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó jókòó láàárín ò ní máa gbé orúnkún sókè, àgbàlagbà mẹ́ta á jókòó kí wọ́n má bára wọn jà. Bùútù tóbi, LE sì lè ká àga ẹ̀yìn wálẹ̀ tẹ́rù bá gùn. Tó bá jẹ́ SE lẹ fẹ́ rà, àga ẹ̀yìn tiẹ̀ kì í ká wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí irin tí wọ́n fi mú ara mọ́tò le síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ náà sì le jù, ó dáa fún kọ́nà, kò dáa fún títì wa. XLE ní àga ẹ̀yìn tó ń rọ sẹ́yìn, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá tó bá jẹ́ bàbá àgbà lẹ fẹ́ máa gbé.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni dásíbọ́ọ̀dù. Ti 2007 sí 2011 ní ìṣòro kan tí gbogbo ayé mọ̀, tí oòrùn bá ti pa á fún ọdún bíi mélòó kan, ojú ẹ̀ á máa yọ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì máa dán yanranyanran sójú wíńsíkírìn débi pé dẹ́rẹ́bà ò ní ríran dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, Toyota gbà láti pààrọ̀ ẹ̀ fáwọn kan, àmọ́ tòkunbọ̀ tó ti gun ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá, ta ló fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fún? Ẹ fi ọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì ra nǹkan tí wọ́n fi ń dí wíńsíkírìn mọ́ oòrùn.

Ó yá, epo.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé náírà la fi ń wọn epo nílẹ̀ yìí. "Mo ra epo ogún ẹgbẹ̀rún lánàá, ó ti tán." Lítà mélòó? Kò mọ̀. Kìlómítà mélòó lo rìn? Kò mọ̀ ìyẹn náà, ó kàn mọ̀ pé ogún ẹgbẹ̀rún ti lọ. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, NNPC ti gbé e dé 488 l'Ékòó, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024 ó ti di 998. Ẹni tó ń wa Muscle láti 2021 á búra fún ẹ pé mọ́tò òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo, á gbé e lọ bá mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á sì rí nǹkan tú, torí mẹkáníìkì kì í sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ iye lítà tó ń mu tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń mu.

Àwọn ìjọba Amẹ́ríkà tó ń díwọ̀n epo mọ́tò kọ ọ́ fún 2.4 yìí pé máìlì 21 ni jálá kan á gbé e nínú ìlú, 31 lórí márosẹ̀. Jálá tiwọn kéré sí èyí tá a mọ̀, kò pé lítà mẹ́rin, 3.8 ni. Tẹ́ ẹ bá yí i sí tiwa, ó ń lọ sí bíi kìlómítà 9 fún lítà kan nínú ìlú, 13 àti díẹ̀ lójú ọ̀nà tó dáa. V6 jẹ́ 19 nínú ìlú àti 28 lóde, ìyẹn bíi kìlómítà 8 àti 12. 2.5 ti 2010 jẹ́ 22 àti 32. Ẹ rí i pé àlàfo V6 sí 2.4 ò tiẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, ohun tó ń pa àwọn oníV6 lápò jù ni pé horsepower 268 ń yún èèyàn lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ tó máa rọra rìn.

Ohun tí èmi ń rí gan-an nìyí. Ìbàdàn sÉkòó, tí mi ò bá kọjá 100, tí ọ̀nà sì ṣí, ó máa ń lọ sí kìlómítà 12 fún lítà kan. Nínú Ìbàdàn, Challenge, Ring Road, Mọ́kọ́lá, bíi 8 tàbí 9. Tí mo bá wọ Èkó, tí mo bọ́ sáàárín Ojota àti Kétu nírọ̀lẹ́, tí AC ń ṣiṣẹ́, á já sí 6 tàbí 7, nígbà míì ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mọ́tò tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì àti AC ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè mu tó lítà kan láàárín wákàtí kan kó má sì kúrò níwájú ilé ìtajà kan náà. Kò sí mọ́tò elépo tó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ìbàdàn sÉkòó ń lọ sí bíi kìlómítà 130, tó bá jẹ́ 12 fún lítà, lítà 11 lẹ máa lò. Ní 200 náírà, 2,200 ni. Ní 488, ó ti lé ní 5,300. Ní 998, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà, lítà mọ́kànlá kan náà. Táǹkì ẹ̀ ń gba lítà 70, kíkún un ní 998 á ná ẹ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ku díẹ̀, mo mọ àwọn tí ò tíì kún táǹkì láti ìgbà yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ tiẹ̀, kó kún táǹkì títí ẹnu pọ́m̀pù á fi já fúnra ẹ̀, kó tẹ trip (òǹkà ìrìn tó wà lójú dásíbọ́ọ̀dù) sí òdo, kó lọ máa rìn, tó bá yá kó padà sílé epo kan náà, pọ́m̀pù kan náà tó bá ṣeé ṣe, kó tún kún un, kó wo lítà tó wọlé. Máìlì ló wà nínú tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà o, ẹ fi 1.6 sọ máìlì yẹn di púpọ̀ kó lè di kìlómítà, kẹ́ ẹ tó fi lítà pín in. Ilé epo tẹ́ ẹ bá lò sì ṣe pàtàkì, torí ilé epo kan wà tí mi ò ní dárúkọ tó sọ fún mi pé lítà 73 ló wọnú táǹkì lítà 70 yìí, tí àmì epo ò sì tíì kan E kí n tó wọbẹ̀. Ọmọ tó ń ta epo wò mí, mo wò ó, a jọ rẹ́rìn-ín.

Tí tiyín bá wá kéré gan-an sí èyí tí mo sọ, tó jẹ́ kìlómítà 8 ló ń fún yín lórí márosẹ̀, nǹkan ń ṣe é nìyẹn, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ wò ni thermostat. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ ọ́ jù nù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀. Iṣẹ́ thermostat ni kó dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ibi tó yẹ kó dé, nǹkan bíi 82 lórí ìwọ̀n Celsius, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi á kàn máa yí ká ṣáá, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á sì rò pé ṣe la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan mọ́tò láàárọ̀, á máa tú epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, látÌbàdàn dÉkòó. Ẹlòmíì á pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, á pààrọ̀ pọ́m̀pù epo, á fọ ẹnu injector tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, owó á lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan tí wọ́n jù sínú gọ́tà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó ń gbóòórùn èéfín, tí iná check engine bá ti ń tàn kẹ́ ẹ má fi tépù dí i lójú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Air filter tó ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà, iye tó yẹ wà lára ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ kà á, ẹ má jẹ́ kí fọganáísà fún un ní iye tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa ba àwọn èèyàn lẹ́rù ju epo lọ ni ọ́ìlì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú 2007 sí 2009 yìí, orúkọ ẹ̀ ni 2AZ-FE, àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ ọ́ìlì, ríìngì písítìnnì ni ọ̀rọ̀ náà, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ wọlé síbi tí epo ti ń jó, á jó mọ́ ọn, kò ní kán sílẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbi tẹ́ ẹ páàkì sí. Toyota fúnra ẹ̀ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n fa wáráńtì ẹ̀ gùn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní èyí tó bá jẹ kúọ́ọ̀tì kan, tí ò fi bẹ́ẹ̀ tó lítà, kó tó rin máìlì 1,200, ó ti pọ̀ jù. Wáráńtì yẹn ti kọjá lọ báyìí, kò sì kàn wá látilẹ̀. Tèmi ò tíì bẹ̀rẹ̀, mo ń fi irin ọ́ìlì wò ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò, mi ò dúró de ìgbà tí iná á tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù, torí nígbà tí iná yẹn bá fi máa tàn, ẹ́ńjìnnì ti ń fi irin lọ irin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n tan mọ́tò nígbà tó ṣì tutù, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn, kó wo bóyá èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde. Ẹni tó ń ta mọ́tò tó sì ti gbóná ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ bi í pé kí ló ń sáré sí.

Tówó bá ká a, mo lè sọ pé kẹ́ ẹ fò ó kẹ́ ẹ lọ ra 2.5 ti 2010 tàbí 2011, ìṣòro ọ́ìlì yẹn ò bá a dé ibẹ̀, jíà ẹ̀ kì í rò ó púpọ̀, epo ẹ̀ sì tún dín díẹ̀. Àmọ́ owó tí wọ́n ń sọ lé e ju ti 2008 lọ dáadáa, epo díẹ̀ tó fi dín ò lè san owó yẹn padà láyé yìí, ọ́ìlì yẹn nìkan ló lè mú mi san án.

Wọ́n á ní Honda Accord ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit, ìyẹn 2008 sókè, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tiẹ̀ náà 2.4 ni, àwọn Amẹ́ríkà kọ nǹkan bíi 21 àti 30 fún un, kò sí ìyàtọ̀ gidi níbi epo. Tó bá jẹ́ ká wà á gbádùn ni, Accord ni, kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kọ́nà, sitíárì ẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ abúlé wa ní Èkìtì, mẹkáníìkì kan ló wà níbẹ̀, Toyota nìkan ló mọ̀, tó bá rí Honda á ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ s'Ádó. Ẹni tó bá ń gbé Èkó tí kì í jáde kúrò níbẹ̀ lè ra Accord. Ẹni tó sì jẹ́ pé epo nìkan ló ń wá, tí kò ju òun àti ẹnì kan lọ, kó ra Corolla, kó fi èmi àti Muscle sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n yí i sí CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú sílíńdà, torí gáàsì ò wọ́n tó epo. Mo ti ronú ẹ̀. Sílíńdà yẹn, inú bùútù ni wọ́n máa ń gbé e sí, ó sì ń gba apá tó pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí màmá mi ń di iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa sí nìyẹn tá a bá ń bọ̀ láti Èkìtì, ibi tí wọ́n sì ti ń ta gáàsì yẹn ò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà tí mò ń gbà. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ ṣe kábúkábú láàárín Èkó, tó ń rin látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn lè ṣe é. Tèmi ṣì ń mu epo.